Ibi Tí Ẹran Dúró Sí Ni Ká Ti Wọn Agbára Ọta

Láàárín àwọn ọdẹ ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó ń fi ìbọn ìléwọ́ pa ẹran ńlá, ìbéèrè kan wà tí kì í kúrò nílẹ̀: kátíríìjì wo (ọta pẹ̀lú ẹ̀tù àti ìkarahun rẹ̀) ló lágbára tó láti fi pa àgbọ̀nrín, tàbí elk tó tóbi ju àgbọ̀nrín lọ dáadáa, láti òkèèrè? Èsì tí wọ́n sábà máa ń fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ ni pé kó ra èyí tó tóbi jù lọ tí apá rẹ̀ bá lè ká. Èmi kò fara mọ́ èsì yìí. Ó ń ṣi ọdẹ lọ́nà, ẹran ló sì ń jẹ ìyà rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ yin ìbọn ìléwọ́ sí ẹran lókèèrè gbọ́dọ̀ fi ohun mẹ́ta yan kátíríìjì. Èkíní ni eré tó kù lára ọta nígbà tó bá dé ara ẹran. Èkejì ni bóyá ọta náà lè là bó ti yẹ, ìyẹn kí orí rẹ̀ fẹ̀ nínú ara ẹran, pẹ̀lú ìwọ̀n eré bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kẹta ni bóyá ọwọ́ ọdẹ lè gba ìbọn náà mọ́ra débi tí yóò fi lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń yìn ín dáadáa. Bí a bá gbé gbogbo kátíríìjì tó wà lórí àtẹ ka ìwọ̀n mẹ́ta yìí, àwọn tó wà láàárín ni yóò borí, irú bíi 7mm-08 Remington àti .308 Winchester, nínú ìbọn ìléwọ́ tó ń gba ọta ẹyọ kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan.

Ìtàn wà lẹ́yìn èrò pé èyí tó tóbi jù ló dára jù. Lọ́dún 1935 ni Smith & Wesson àti Winchester gbé .357 Magnum jáde, tí Douglas Wesson ti Smith & Wesson fúnra rẹ̀ sì gbé e lọ pa ẹran ńlá kó lè hàn pé rìfọ́fà, ìbọn ìléwọ́ tí àgbá ọta rẹ̀ ń yí, tó iṣẹ́ ọdẹ ṣe. Elmer Keith, òǹkọ̀wé nípa ìbọn tó ń gbé ní Idaho, gbà pé ó yẹ kó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò yé rọ àwọn ilé iṣẹ́ ìbọn títí .44 Magnum fi jáde ní òpin ọdún 1955. Ní 1957, Dick Casull àti Jack Fullmer bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe èyí tó di .454 Casull. .500 S&W Magnum dé ní 2003, .460 S&W Magnum sì tẹ̀ lé e ní 2005. Ní gbogbo àádọ́rin ọdún yẹn, ojú kan náà ni wọ́n fi ń wo ìlọsíwájú: ẹ̀tù tó pọ̀ sí i, ọta tó wúwo sí i, ìtanípàá tó le sí i.

N kò kóyán iṣẹ́ àwọn ènìyàn yìí kéré. Ohun tí wọ́n ń wá ni wọ́n rí. Rìfọ́fà ńlá lè pa béárì tó wà ní 40 yáàdì, ó sì lè pa elk tó jáde láti inú igbó pine sójú ọ̀nà ọdẹ. Ọta rẹ̀ fẹ̀ kó tó kúrò nínú ìbọn rárá, ó wúwo, ó sì ń wọlé jinlẹ̀, nítorí náà kò nílò eré púpọ̀ kó tó ṣiṣẹ́. Ohun tí mo ń bá jà ni bí àwọn ènìyàn ṣe mú ohun tí wọ́n ṣe fún ìtòsí, tí wọ́n wá ń fi ṣe iṣẹ́ òkèèrè, tí wọ́n sì rò pé títóbi rẹ̀ yóò dí àlàfo ọ̀nà tó jìn náà fún wọn.

Ẹ jẹ́ ká gbé ìṣirò síwájú. Ọta .44 Magnum tó wọn 240 gíréènì (ìwọ̀n kékeré tí wọ́n fi ń wọn ọta àti ẹ̀tù) ń jáde lẹ́nu rìfọ́fà pẹ̀lú eré tó tó 1,350 ẹsẹ̀ bàtà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí a bá fi fúùtù-pọ́n-ùn kà á, tí í ṣe ìwọ̀n tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi ń ka agbára ọta, agbára rẹ̀ níbẹ̀ tó 970. Orí ọta náà kúkúrú, ó sì fẹ̀, nítorí náà afẹ́fẹ́ kì í jẹ́ kó kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Kó tó dé 100 yáàdì, eré ti já wá sí nǹkan bí 1,080, agbára sì ti di 620. Kó tó dé 200 yáàdì, ó ti lò ju ìdajì ìṣẹ́jú àáyá lọ lójú ọ̀nà, òòfà ilẹ̀ sì ti fà á wálẹ̀ ní ohun tó ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin lọ sí ìlà tí ọ̀pá ìbọn kọjú sí. Bí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ láti ẹ̀gbẹ́ ní máìlì 10 ní wákàtí kan, yóò ti tì í kúrò lójú ọ̀nà ní nǹkan bí 18 ínṣì. Ibi ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró àgbọ̀nrín, tó yẹ kí ọta bà, kò fi bẹ́ẹ̀ ju ínṣì mẹ́jọ sí mẹ́wàá lọ.

Ẹ wá wo 7mm-08 nínú ìbọn ìléwọ́ tí ọ̀pá rẹ̀ gùn ní ínṣì 15. Ọta rẹ̀ wọn 140 gíréènì péré, àmọ́ ó gùn, ó tín-ín-rín, orí rẹ̀ sì ṣóńṣó. Ó ń jáde pẹ̀lú eré tó tó 2,500 ẹsẹ̀ bàtà. Ní 200 yáàdì, òòfà ilẹ̀ kò tíì fà á wálẹ̀ ju nǹkan bí 13 ínṣì lọ, afẹ́fẹ́ ẹlẹ́ẹ̀gbẹ́ kan náà kò sì tì í ju ínṣì mẹ́ta sí mẹ́rin lọ. Ní 300 yáàdì, eré rẹ̀ ṣì ń lọ sí 1,950, agbára rẹ̀ sì tó 1,190. Ohun tí èyí túmọ̀ sí ni pé ọta kékeré yìí ní agbára ní 300 yáàdì ju èyí tí ọta .44 Magnum ní lẹ́nu ìbọn gan-an lọ.

Ẹlòmíràn yóò sọ pé .44 Magnum ti di arúgbó, kí n mú .500 wá. Ó dára. Lẹ́nu ìbọn, .500 S&W Magnum fi 7mm-08 sẹ́yìn dáadáa: agbára ọta rẹ̀ tó wọn 350 gíréènì ń lọ sí 2,800 fúùtù-pọ́n-ùn, nígbà tí ti 7mm-08 kò tó 2,000. Ṣùgbọ́n ẹran kì í dúró lẹ́nu ìbọn. Nígbà tí àwọn méjèèjì bá fi dé 200 yáàdì, ọta .500 ti sún mọ́ 1,000, èkejì sì ṣì ní 1,400. Iye tí wọ́n tẹ̀ sára páálí ọta jẹ́ òótọ́, àmọ́ òótọ́ ibi tí ọdẹ dúró sí ni, kì í ṣe ti ibi tí ẹran dúró sí.

Kì í ṣe òní ni ìmọ̀ yìí jáde. Lọ́dún 1976 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ IHMSA sílẹ̀ fún eré ìdárayá kan tó ti Mexico wá, níbi tí wọ́n ti ń fi ìbọn ìléwọ́ yin ère ẹran tí wọ́n fi irin ṣe. Adìyẹ irin wà ní 50 mítà, ẹlẹ́dẹ̀ ní 100, tòlótòló ní 150, àgbò ní 200. Kí ọta kàn ba àgbò náà nìkan kò tó, ó gbọ́dọ̀ ṣubú kó tó di àmì. Ohun táa lè pè ní ìdánwò òkèèrè fún ìbọn ìléwọ́ gan-an nìyẹn, torí pé ó ń béèrè ojú tó já gaara àti agbára tó kù lọ́nà jíjìn pa pọ̀. Ohun tó jáde nínú ìdíje yẹn ni àwọn kátíríìjì bíi 7mm TCU, tí wọ́n ṣe láti inú ìkarahun .223 kékeré. Àwọn tó ń díje rí i pé ọta tín-ín-rín tó gùn, tí kì í ta ọwọ́ nípàá jù, ló ń gbé wọn dé òpin. Àwọn ọdẹ ti ní ẹ̀kọ́ yìí lárọ̀ọ́wọ́tó fún ohun tó lé ní ogójì ọdún.

Àṣìṣe kejì wà tó jọ ti àkọ́kọ́. Ọdẹ tó bá ti gbà pé kátíríìjì ráífù ló dára fún òkèèrè lè sọ pé, bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí òun kúkú ra .300 Winchester Magnum nínú ìbọn ìléwọ́. Èyí náà kò tọ̀nà. Kátíríìjì bẹ́ẹ̀ ń gba ẹ̀tù tó tó 70 gíréènì, ẹ̀tù tó ń jó díẹ̀díẹ̀, tí wọ́n ṣe fún ọ̀pá tó gùn ní ínṣì 24 tàbí 26. Nínú ọ̀pá ínṣì 15, púpọ̀ nínú ẹ̀tù náà kì í ráyè ṣiṣẹ́ kí ọta tó jáde. Iná àti ariwo ló ń dà níwájú ojú ọdẹ. Owó ẹ̀tù ti lọ, etí ti gbọ́ ohun tí kò yẹ kó gbọ́, ọwọ́ ti jẹ ìpá tí kò yẹ kó jẹ, èrè orí eré ọta kò sì tó ohun tí wọ́n ná. 7mm-08 àti .308 kò lò ju 40 sí 50 gíréènì lọ, ọ̀pá kúkúrú sì ń rí púpọ̀ nínú rẹ̀ lò.

Remington ti kọ́ ẹ̀kọ́ yìí kó tó tajà rárá. Nígbà tí wọ́n ń ṣe XP-100, ìbọn ìléwọ́ wọn tó jáde ní 1963, .222 Remington ni wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ fi sí i. Wọ́n rí i pé iná àti ariwo rẹ̀ pọ̀ jù fún ọ̀pá tí kò gùn tó ínṣì 11. Wọ́n gé ìkarahun náà kúrú, wọ́n sì pè é ní .221 Fireball. Ọta rẹ̀ tó wọn 50 gíréènì ṣì ń sáré ní 2,650 ẹsẹ̀ bàtà. Ẹran kékeré ni wọ́n ṣe é fún, ṣùgbọ́n ìlànà tó wà nínú rẹ̀ kan ẹran ńlá pẹ̀lú: gígùn ọ̀pá ìbọn ló yẹ kó sọ bí ìkarahun ṣe máa tóbi tó.

Ọ̀rọ̀ orí ọta náà ṣe pàtàkì, àwọn ènìyàn sì máa ń gbójú fò ó. Ọta tí wọ́n ṣe fún ráífù ni wọ́n ṣe kó máa là nígbà tó bá fi eré ráífù wọ ara ẹran. Bí ọdẹ bá fi irú rẹ̀ sínú ìbọn ìléwọ́ tó ń yìn ín jáde pẹ̀lú eré tó dín ní 300 ẹsẹ̀ bàtà tàbí jù bẹ́ẹ̀, ó lè gba ẹran kọjá láìlà rárá, kó dá ihò tóóró sí i lára, kí ẹran náà sì sáré lọ kú síbi tí ẹnikẹ́ni kò ní rí i. Ìdí nìyí tí Hornady àti Sierra fi ṣe àwọn ọta kan ní pàtàkì fún ìbọn ìléwọ́ ọlọ́ta kan, tí awọ wọn tín-ín-rín kó lè là bí eré bá dín kù. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ọta máa ń sọ eré tó kéré jù tí ọta wọn fi lè là. Fún púpọ̀ nínú wọn, nǹkan bí 1,800 ẹsẹ̀ bàtà ni. Ọdẹ tó bá mọ iye yìí, tó sì mọ eré ọta rẹ̀ ní yáàdì kọ̀ọ̀kan, ti mọ ibi tí iṣẹ́ ọta rẹ̀ parí sí. Fún 7mm-08 tí mo ṣírò lókè, ọta náà á já sí 1,800 nígbà tó bá ń sún mọ́ 400 yáàdì. Kò sí ìgboyà kankan tó lè sún ààlà yẹn síwájú.

Ó ku ọwọ́, òun gan-an ló sì ń ṣe ìdájọ́ ìkẹyìn. Ráífù ní ìdí tó ń gbé lé èjìká, ìbọn ìléwọ́ kò ní in. Ọwọ́ méjì péré ló ń gbà á nígbà tó bá ta nípàá, orí àti ojú kò sì jìnnà sí i. Model 500 ti Smith & Wesson tí ọ̀pá rẹ̀ gùn ju ínṣì mẹ́jọ lọ wúwo tó pọ́n-ùn mẹ́rin àbọ̀, síbẹ̀ ó ń ta débi pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fẹ́ yìn ín púpọ̀ ní ìjókòó kan. Ara ń rántí ìyà. Lẹ́yìn ọta mélòó kan, ojú ń ṣẹ́, ọrùn ọwọ́ ń le kí ìbọn tó dún, ọta á sì gba ibòmíràn lọ. Ẹni tí kò lè yin ogún ọta ní ìrọ̀lẹ́ kan láìbẹ̀rù kò lè mọ ìbọn rẹ̀. Ẹni tí kò bá sì mọ ìbọn rẹ̀ kò ní ẹ̀tọ́ láti yìn ín sí ẹran tó wà lókèèrè, ohun yòówù tí wọ́n kọ sára páálí.

Àwọn tó ń tako èrò yìí ní ọ̀rọ̀ tó yẹ ká dáhùn. Àkọ́kọ́ ni ìtàn Elmer Keith, ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun fi .44 Magnum ba àgbọ̀nrín kan ní nǹkan bí 600 yáàdì. Wọ́n máa ń fi ṣe ẹ̀rí pé rìfọ́fà lè jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Ẹ ka ohun tó kọ. Ẹlòmíràn ti ṣe ẹran náà léṣe tẹ́lẹ̀, Keith ń gbìyànjú kó má baà sá lọ pẹ̀lú ọgbẹ́ ni, kì í sì í ṣe ọta kan ṣoṣo ló yìn kó tó bà á. Ojúṣe sí ẹran tó ti fara gbọgbẹ́ ni ìtàn yẹn ń sọ. Kò fún ẹnikẹ́ni láṣẹ láti bẹ̀rẹ̀ láti 600 yáàdì sí ẹran tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá.

Èkejì ni pé elk akọ lè wúwo tó 700 pọ́n-ùn, béárì aláwọ̀ ilẹ̀ àti moose sì le ju bẹ́ẹ̀ lọ, pé ọta 140 gíréènì kéré. Ní ti elk, ọta tó le dáadáa nínú 7mm-08, tàbí ọta 150 sí 165 gíréènì nínú .308, yóò wọ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ bí ọdẹ bá dúró kí ẹran fẹ̀gbẹ́ hàn, tó sì dín ọ̀nà kù sí 250 yáàdì. Ní ti àwọn tó le ju elk lọ, mo gbà pé ọta gbọ́dọ̀ wúwo sí i. J.D. Jones ti SSK Industries ní Ohio ti yanjú èyí pẹ̀lú .375 JDJ, tó ṣe láti inú ìkarahun .444 Marlin, tí àwọn ọdẹ sì ti gbé lọ sí Áfíríkà fún àwọn ẹran tó le jù lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹran bá lè yípadà wá bá ọdẹ, sísún mọ́ ọn àti mímọ ibi tí ọta máa bà ló ń gba ẹ̀mí là. Kátíríìjì tó wúwo kò sọ 300 yáàdì di ibi tó yẹ láti yin béárì.

Ẹ̀kẹta ni .460 S&W Magnum. Òun ló yára jù nínú àwọn kátíríìjì rìfọ́fà tó wọ́pọ̀, ọta 200 gíréènì rẹ̀ ń jáde pẹ̀lú eré tó tó 2,200. Mo gbà pé òun ló tọ́ sí ẹni tó bá fẹ́ rìfọ́fà dandan, tí ilẹ̀ tó ń dẹ sì ṣí sílẹ̀. Síbẹ̀, ọta tó fẹ̀ tó sì fúyẹ́ báyìí ń pàdánù eré kíákíá, èmi ò sì ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú pé kó fi yin ẹran tó jìn ju 150 yáàdì lọ.

Ẹ̀kẹrin ló jinlẹ̀ jù: bí òkèèrè ni ọdẹ ń wá, kí ló dé tí kò gbé ráífù? Ìdáhùn mi ni pé ẹni tó yan ìbọn ìléwọ́ ti yan láti sún mọ́ ẹran ju ẹni tó gbé ráífù lọ. Ohun tí kátíríìjì rere ń fún un ni àyè tó tó láti dẹ ní ilẹ̀ tó tẹ́jú ní Wyoming tàbí Montana, níbi tí kò sí igi tó lè sá pamọ́ sí. Kò fún un ní ìyọ̀ǹda láti bá ráífù díje lórí jíjìnnà. Ẹgbẹ́ ọdẹ Boone and Crockett, tí Theodore Roosevelt dá sílẹ̀ ní 1887, ti ń kọ́ni tipẹ́ pé ẹran gbọ́dọ̀ ní àǹfààní tirẹ̀ láti bọ́. Ọta ìbọn ìléwọ́ tó ń rìn fún ìdajì ìṣẹ́jú àáyá kì í fún un ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀; àyè láti gbé ẹsẹ̀ kan síwájú ló ń fún un. Ẹsẹ̀ kan yẹn ló ń yí ọta kúrò lójú ẹ̀dọ̀fóró bọ́ sínú ìfun.

Nítorí náà, ohun tí mo rọ ọdẹ láti ṣe rèé. Bí ìbọn rẹ bá jẹ́ Encore ti Thompson/Center tàbí irú rẹ̀ tó lè gba .308, mú 7mm-08. Bí o bá fẹ́ ọta tó rọrùn láti rí rà níbikíbi, mú .308. Bí ó bá jẹ́ Contender ti ilé iṣẹ́ kan náà, tí wọn kò ṣe fún ìtẹ̀mọ́lẹ̀ ẹ̀tù .308, 7-30 Waters dára, .30-30 tó ti wà láti 1895 sì dára, bí o bá dín ọ̀nà kù sí 200 yáàdì. Yan ọta tí wọ́n ṣe kó là pẹ̀lú eré ìbọn rẹ. Wo òfin ìpínlẹ̀ tí o ti ń dẹ, nítorí ohun tí ìpínlẹ̀ kan gbà, èkejì lè kọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà, gbé pépà tó fẹ̀ ní ínṣì mẹ́jọ kalẹ̀, jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá tí o máa gbé ìbọn lé nínú igbó, má lo tábìlì. Ibi tó jìn jù tí gbogbo ọta rẹ ṣì ti ń bọ́ sínú pépà náà ni ààlà rẹ. Tó bá jẹ́ 180 yáàdì, 180 ni, kódà bí kátíríìjì rẹ bá lè pa ẹran ní 350.

Ìdánwò tó le jù yóò dé lọ́jọ́ tó kẹ́yìn àsìkò ọdẹ, nígbà tí òtútù orí òkè ti mú ara, tí owó ti lọ, tí elk sì dúró ní 400 yáàdì tí kò fẹ́ sún mọ́ tòsí. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ ro ìyà, bó bá pa ẹran kò níí fún ẹnì kan jẹ. Ìyà tí ọdẹ jẹ kò sí nínú ìṣirò ọta, kò sì yẹ kó wà nínú ìdájọ́ ọdẹ náà. Ẹni tó bá ra kátíríìjì nítorí agbára tó pọ̀ jù ti ra àwáwí fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, torí yóò máa sọ fún ara rẹ̀ pé ọta òun tóbi tó láti tún àṣìṣe ọwọ́ ṣe. Kò sí ọta ìbọn ìléwọ́ tó tóbi tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ra èyí tí ọwọ́ rẹ̀ gbà, tó sì mọ eré rẹ̀ ní yáàdì kọ̀ọ̀kan, mọ ìgbà tó yẹ kó yìn ín àti ìgbà tó yẹ kó gbé ìbọn rẹ̀ sílẹ̀. Irú ọdẹ bẹ́ẹ̀ nìkan ni mo gbà pé ó tó ẹni tí í yin ìbọn ìléwọ́ sí ẹran ńlá lókèèrè.